Mẹ́jọ Méjì ní Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú

Ọkùnrin náà kì í fi káàdì lélẹ̀ bí àwa yòókù ṣe ń fi lélẹ̀. Ńṣe ló máa ń là á mọ́ tábìlì bí ẹni tó ń pa eku. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó tì wá, ìgò bíà kan já bọ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó sún ẹsẹ̀ kúrò lára àfọ́kù náà, ó ní kí wọ́n pín káàdì.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní àdúgbò Madagascar ní Douala la ti máa ń ta káàdì. Èmi ní tèmi, páàtì bẹ́ńsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà, ni mò ń tà ní Bépanda: ṣéènì, búréèkì, dígí ìwẹ̀yìn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí mo jẹun tán, màá bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, màá wọ táàsì. Ìyàwó mi mọ ibi tí mò ń lọ. Kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò bá mi jà sí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ẹ ṣáà padà wálé ní odindi.” Ẹ̀rín la máa ń fi rín nígbà yẹn.

Mẹ́rin la máa ń jẹ́. Bàbá onífíríìjì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá, èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta bàtà òkìrìkà, àti ọkùnrin tí mò ń wí yìí. Awakọ̀ tírélà ni. Gẹdú ló ń kó láti inú igbó wá sí Bonabéri. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Douala ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń bú u lọ. “Baba, o pín káàdì,” ló máa ń sọ fún àgbàlagbà tó lè bí i lọ́mọ. Bàbá kì í ká a sí ìwọ̀sí. Ó ní ìlú òkèèrè ni wọ́n ti tọ́ ọ, ta ni ì bá kọ́ ọ?

Kí ẹ̀yin tí kò ta irú káàdì yìí rí má bàa rìn nínú òkùnkùn: ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ń gba káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí mẹ́ta sí àárín tábìlì, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan, wọ́n á wá ṣí ọ̀kan sí i. Ti àárín yẹn, gbogbo wa la ni ín. Ẹni tí tirẹ̀ àti ti àárín bá dára jù ló jẹ; méjì tó jọra sì ju ẹyọ-ẹyọ lọ. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, èèyàn lè fi owó kún un, ó lè tẹ̀lé ẹni tó fi kún un, ó sì lè ju káàdì rẹ̀ nù kó yẹra. Ìdérí ìgò bíà la máa ń fi dípò owó, owó gan-an á wà nínú agolo wàrà lọ́dọ̀ Bàbá. Bàbá ló sì ṣòfin pé iye kan pàtó ni èèyàn lè fi kún un lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìpele kan, kí orí gbígbóná ọ̀sán kan má bàa jẹ owó ilé ẹnikẹ́ni.

Òfin yẹn dára. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí a ó fi awakọ̀ yẹn ṣe, nítorí gbogbo ìgbà lòun ń fi kún un. Ó rí káàdì gidi, á fi kún un. Kò rí nǹkan kan, á fi kún un. “Je relance!” lá máa pariwo, ìyẹn ni pé ó tún fi kún un, á sì la ìdérí mọ́ tábìlì. Bí o bá tẹ̀lé e, á tẹjú mọ́ ọ bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ lo gbà. Ọ̀rẹ́ mi oníbàtà máa ń ju káàdì tó dára nù nítorí ojú yẹn nìkan. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kan tí a ń tú ká, Bàbá mú mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Ṣé o rí ọmọkùnrin yìí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ní nǹkan lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń ní nǹkan lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Tí o bá gba méjì tó jọra, má sá fún un. Má sì bá a du ariwo. Tẹ̀lé e, kó o máa tẹ̀lé e títí a ó fi ṣí gbogbo rẹ̀.”

Mo ní, “Bàbá, tí ó bá wá ní nǹkan lọ́wọ́ lóòótọ́ ńkọ́?”

“O san owó díẹ̀, o sì lọ sílé. Ìdí tí mo fi ṣòfin nìyẹn.”

Ní ọjọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, ẹrọ̀fọ̀ sì ti gba gbogbo ọ̀nà. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú táàsì ni mo rí awakọ̀ náà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó di oníbẹ́ńsíkìn kan lọ́rùn mú. Oníbẹ́ńsíkìn náà ti ta ẹrẹ̀ sí i lára níbi tó ti ń kọjá. Ó gbá a lójú. Ó tún gbá a. Ọkùnrin náà ṣubú lé alùpùpù rẹ̀, sàláńsà gbígbóná jó o ní itan, ó ké bí ẹran. Awakọ̀ wá fi bàtà tẹ ẹ́ lẹ́yìn ọrùn, ó tẹ ojú rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. “Mange!” ló ń wí. “Jẹ ẹ́! Ṣé ìwọ lo ní ẹrẹ̀, jẹ ẹrẹ̀ ẹ!”

Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Bàbá ló jáde wá, tó fi ọwọ́ lé e léjìká. “Ó tó. Fi í sílẹ̀. Wá jókòó.”

Ó fi í sílẹ̀. Ó wọlé, ó fọ ọwọ́ nínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó jókòó bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. “Ta ló ń pín?” ló wí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí oníbẹ́ńsíkìn náà tó ń gbé alùpùpù rẹ̀ dìde. Ó ń wo nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri.

Orí bá mi sọ̀rọ̀ pé kí n padà sílé, ṣùgbọ́n òjò tún ti bẹ̀rẹ̀, mo sì jókòó.

A ta á fún ìgbà díẹ̀, ó ń jẹ wá. Ṣe ni ìdérí ń kó jọ síwájú rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń bú wa sí i. Ó pe ọ̀rẹ́ mi ní obìnrin. Ó gbá tábìlì níwájú mi lójijì, ó sì rẹ́rìn-ín nítorí mo ta gìrì.

Nígbà tó yá, ó tún fi kún un kó tó wo káàdì rẹ̀ kejì tán. Ọ̀rẹ́ mi ju tirẹ̀ nù. Mo gbé igun káàdì mi sókè díẹ̀: mẹ́jọ dúdú, mẹ́jọ pupa.

Mẹ́jọ méjì kì í ṣe nǹkan kékeré, kì í sì í ṣe nǹkan ńlá. Bí ó bá jẹ́ èmi àti ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ó ṣeé ṣe kí n wà níwájú. Bí a bá pọ̀, tí Ọba tàbí Ayaba sì bọ́ sí àárín, ẹni tó bá ní èkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ti jẹ mí. Nítorí náà èmi náà fi kún ti awakọ̀, kí ó lè wọ́n fún Bàbá láti dá sí i. Bàbá wo ojú mi, ó ju káàdì rẹ̀ nù jẹ́jẹ́. Awakọ̀ tún fi kún tèmi, ó là á mọ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni òfin ní kí a dúró. Mo tẹ̀lé e.

Bàbá ṣí mẹ́ta: Ọba, mẹ́fà, mẹ́ta. Ó dùn mí nígbà tí mo rí Ọba yẹn. Awakọ̀ ju ìdérí sílẹ̀. Mo tẹ̀lé e. Bàbá ṣí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Ayaba ni. Awakọ̀ dìde dúró, ó tún ju ìdérí, ó na ìka sí mi. “Sọ ọ́ nù,” ló wí. “Mo sọ fún ẹ, sọ ọ́ nù, kí o má jẹ́ kí n ṣe ẹ́ bí ọmọ ìta yẹn.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà kì í ṣe ìgboyà. Mo ń rò ó pé láti ọjọ́ tí mo ti wà pẹ̀lú ọkùnrin yìí, bó ṣe ń pariwo nígbà tó ní nǹkan náà ló ṣe ń pariwo nígbà tí kò ní. Ariwo rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo sún ìdérí mi síwájú. “Mo tẹ̀lé ọ.”

Èyí tó kẹ́yìn tí Bàbá ṣí jẹ́ méjì, káàdì játijàti. Ó ju ìdérí tó kẹ́yìn, mo tẹ̀lé e, mi ò sì gbé ojú sókè. Ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ó ṣí i: Áàsì àti méje. Kò bá ohunkóhun mu ní àárín. Mo ṣí mẹ́jọ méjì mi.

Ọ̀rẹ́ mi oníbàtà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tipẹ́.

Mi ò rí i nígbà tó gbé tábìlì. Mo kàn rí ìdérí ìgò tó fò sókè bí òkúta, tábìlì sì gbá mi láyà, mo ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú àga. “O wo káàdì mi!” ló ń ké. “Olè! O wò ó!” Ó fa páìpù irin kan yọ láàárín àwọn irin fíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé ọwọ́ òsì bo ojú. Páìpù náà bà á, mo sì gbọ́ ọ kó tó dùn mí. Ó ró bí igi ìdáná tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Ó tún gbé e sókè. Bàbá kó sí àárín wa, ó ń sọ pé, “Èmi ni, èmi ni, wò mí,” ó sì gba èyí tó yẹ kó bà mí lórí sí iwájú orí ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n da omi pupa lé lórí.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn dẹ́rù ba awakọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ju páìpù sílẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbá agolo wàrà mú pẹ̀lú owó inú rẹ̀, ó sá jáde.

Ọ̀rẹ́ mi sì sá tẹ̀lé e. Ó sì ké ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ké ní ìgboro Douala bí kò bá fẹ́ kí ẹnì kan kú. “Voleur!” ló ké. “Olè! Voleur!”

Kí èmi tó dìde tán, mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ọ̀nà Madagascar tó jọ pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀ nínú òjò, ó kún. Wọ́n jáde láti ilé ọtí, láti abẹ́ páànù, láti ibi tí wọ́n ti ń sun ẹja. Àwọn oníbẹ́ńsíkìn ló yára jù, wọ́n sì pọ̀, nítorí èyí tí awakọ̀ fi ojú rẹ̀ gbo ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Wọ́n bá a ní ìkòríta. Wọ́n fi pákó lù ú, wọ́n fi bẹ́líìtì lù ú, wọ́n fi ìdí ìgò gbá a lójú. Ọkùnrin ńlá yẹn ń rá pálá, ó ń gbé ọwọ́ sókè, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí àyè ń ju ẹsẹ̀ sí i ní ìhà. Ẹnì kan yí táyà ọkọ̀ kan wá. Nígbà tí mo rí táyà yẹn, inú mi kọ́kọ́ dùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọwọ́ mi ń ro mí gidigidi, mo sì fẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe ń dunni.

Bàbá ló kọjá lára mi. Kò rí ọ̀nà dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀, ó fi ọwọ́ ń wá a. Ó la àárín wọn kọjá, ó wólẹ̀ sórí awakọ̀ náà nínú ẹrẹ̀, ó na ara bò ó. “C'est mon fils!” ló ń wí. “Ọmọ mi ni. L'argent, c'est pour lui. Tirẹ̀ ni owó náà. Kò jí nǹkan kan!”

Wọ́n ní, “Vieux, bàbá arúgbó, kúrò níbẹ̀.” Wọ́n fà á lẹ́sẹ̀. Kò kúrò. Pákó kan tó yẹ kó ba awakọ̀ ba Bàbá lẹ́yìn.

Oníbẹ́ńsíkìn tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀kan wá síwájú. Ó ti fa bẹntiróòlù láti inú alùpùpù rẹ̀ sínú ìgò. Ó dà á sí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó yọ láti abẹ́ Bàbá, ó ń wá ìṣáná. Mi ò mọ̀ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì mi sí i lójú. Ìka méjì ti yí sí ẹ̀yìn, egungun kan sì ti yọ funfun.

Mo sọ fún un ní Pidgin pé, “Look my hand. Na me e broke. The palaver na my own. Leave am for me.”

Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú mi. Ó rí mi lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú táàsì, ó mọ̀ pé mo rí i nígbà tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ gbo ẹrẹ̀, tí mi ò sì ṣe nǹkan kan. Mo rò pé yóò da èyí tó kù nínú ìgò sí èmi náà lára. Ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. “Carry your dirty,” ló wí. Ó fi ìgò náà sọ ògiri, ó fọ́, ó yíjú padà. Nígbà tó lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Àwọn tó kù tún gbá awakọ̀ ní ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọkàn nínú rẹ̀ mọ́. Agolo wàrà ti di àwátì.

Táàsì kan ló gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, Bàbá àti awakọ̀, lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Onítáàsì fi ọ̀rá bo àga rẹ̀ kó tó jẹ́ kí a wọlé. Wọ́n rán iwájú orí Bàbá. Wọ́n to egungun mi, wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti báńdéèjì dì í. Awakọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ó ń rùn fún bẹntiróòlù, ojú rẹ̀ kan ti wú di. Mo rò pé ó sùn.

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nù?” ló wí. Ó ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu tó ti ya. “Gbogbo èèyàn máa ń sọ ọ́ nù.”

“Mo rò pé o kò ní nǹkan kan.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo bẹ́ẹ̀dì náà ń dún. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí òtútù. Mi ò bi í.

Ìyàwó mi dé. Ó wo báńdéèjì, ó wo bàtà mi tó kún fún ẹrẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ó gbé orí lé orúnkún mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò ta káàdì mọ́. Ìka méjì yẹn kò ká mọ́. Ìyàwó mi ló ń bá mi ṣí ìdérí ìgò, òun ló ń so okùn bàtà mi. Ọ̀rẹ́ mi oníbàtà kì í fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó mọ ohun tó ké.

Ojú kan awakọ̀ kò ríran mọ́, wọ́n sì gba tírélà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Bonabéri. Bàbá ló ní kí a lọ kí i. Mo kọ̀, ó sì ní òun á lọ nìkan, ni mo bá tẹ̀lé e. A ra búrẹ́dì dání, a wọ mọ́tò gba orí afárá kọjá. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, òun àti obìnrin kan tí kì í gbé ojú sókè. A kí ara wa. Obìnrin náà gbé omi wá fún wa, ife kan yọ̀ kúrò lórí àwo, ó dà sílẹ̀.

Awakọ̀ kò tíì mira. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti gbé apá bo ojú.

Mo dá bó ṣe gbé apá náà mọ̀. Èmi náà gbé tèmi bẹ́ẹ̀ kí páìpù tó bà á. Bàbá rí i. Awakọ̀ náà rí i pé a rí i. Ó dìde, ó jáde sí ìta, ó dúró níbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí pákó sí, ó kẹ̀yìn sí wa. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìnura ọwọ́ rẹ̀ nu omi náà. Ó bi obìnrin náà pẹ̀lẹ́ pé níbo ni àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Ó ní Limbe. Bàbá yọ owó díẹ̀ nínú àpò, ó fi sábẹ́ búrẹ́dì.

Nígbà tí a tún padà lọ, lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ọkùnrin náà nìkan la bá. Ó ní obìnrin náà ti lọ bá ìyá rẹ̀ ní Limbe.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ni Bàbá sọ fún un.

Mo rò pé yóò dìde sí i. Ó fi ojú kan yẹn wo Bàbá, ó wo àpá iwájú orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì fa àga méjì jáde kí a jókòó.